Ẹrù tí Orúnkún Ń Rù

Ní ìlú Ìlọrin, bí ẹni méjì bá pàdé lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, ìkíni tí ó sábà kọ́kọ́ jáde ni pé, "Ara yín mà dán o! Ẹ ti sanra sí i." Ẹni tí a kí bẹ́ẹ̀ a rẹ́rìn-ín, a sì dúpẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ilé òun tòrò, ìkòkò òun kì í gbẹ, a sì ń tọ́jú òun. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó rù ni, wọn a rọra béèrè pé, "Ṣé kò sí nǹkan?" Àṣà àtijọ́ ni èyí, n kò sì wá láti bú u, ní ayé ìyàn àti ti àrùn, ẹni tí ara rẹ̀ kún ni ẹni tí ó yè. Síbẹ̀ mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin baálé àti ẹ̀yin ìyá ilé, bá mi wo ohun kan tí ìkíni dídùn yìí ń bò mọ́lẹ̀: ohun tí ara sísanra jù ń ṣe fún egungun, àti fún iṣẹ́ àwọn tí ń tún egungun ṣe. Nínú ilé ara wa ni mo ti kọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ òfì ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní ẹ̀bá Ọjà Ọba. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ni a ń gùn kí a tó dé ìsọ̀ rẹ̀; mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé òun fúnra rẹ̀ a máa kà á sókè fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bi í pé èé ṣe tí kì í tètè ṣí ilẹ̀kùn. Ó ti pẹ́ tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń dùn ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ ní àtẹ̀gùn kẹta, ó sì fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ jókòó lé ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọmọbìnrin tí ń bá a tajà ní òun gbọ́ bí egungun náà ti dá, bí ìgbà tí a ṣẹ́ igi ìdáná.

Kí àwa ará ilé tó dé, àwọn aládùúgbò ti gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá kan tí ń to egungun. N kò ní pẹ̀gàn iṣẹ́ àwọn bàbá wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ apá àti ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti tò, tí ó sì jiná. Wọn a fi òrí pa á, wọn a fi pẹlẹbẹ oparun há a, wọn a sì fi aṣọ dì í. Àwọn mìíràn nínú wọn a tilẹ̀ ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, pé ní ọjọ́ tí ti adìẹ bá san ni ti aláìsàn yóò san. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ọ̀rá bò kì í jẹ́ kí ọwọ́ tètè mọ ibi tí egungun wà, àní ọwọ́ tí ó ti mọ iṣẹ́ náà láti ìgbà èwe. Wọ́n fa ìdè náà le kí ó má baà yọ̀ lórí ẹran tí ó rọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ti wú sókè ìdè àti sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tutù. Ọlọ́run ṣàánú wa, a tú u ní àkókò. Bí ìdè bá fún ẹsẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi lè kọjá, ẹsẹ̀ náà yóò kú, yóò dúdú, gígé ni yóò sì kẹ́yìn rẹ̀. Àwọn dókítà Nàìjíríà ti kọ̀wé púpọ̀ lórí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ, dókítà egungun, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, kúnlẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà, lẹ́yìn náà ó wí pé, "Màmá, ẹ má bínú, a ó wọ̀n yín." Ìwọ̀n kékeré tí ó wà nínú yàrá náà kò wúlò, nítorí kò lè dìde dúró. Wọ́n lọ gbé ìwọ̀n pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn ẹrù wá, wọ́n ti í gun orí rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí ó jókòó nínú rẹ̀, wọ́n sì yọ ìwúwo kẹ̀kẹ́ náà kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú sí ògiri. "Àbúrò mi," ni ó wí, "ṣé mo ti di àpò gàrí ni?" Kilo 112 ni wọ́n kọ sínú ìwé.

Mo bínú sí dókítà náà ní ọjọ́ náà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó yé mi pé bí kò bá wọ̀n ọ́n, ìgbà náà ni ì bá tọ́ kí n bínú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orúnkún fúnra rẹ̀. Níbi tí egungun itan ti pàdé egungun ojúgun, kèrékèré bo orí méjèèjì. Ó ń dán, ó sì ń yọ̀, irú èyí tí a ń rí ní ìparí egungun adìẹ nínú àwo ọbẹ̀. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, nítorí náà bí ó bá ti gbó, kì í lè tún ara rẹ̀ ṣe dáradára. Bí ènìyàn bá sì ń rìn, ẹrù tí ń bọ́ sórí orúnkún ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn, ó tún lé sí i. Ní 2005, Stephen Messier àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn ẹrù yìí lára àwọn àgbà tí wọ́n sanra, tí orúnkún sì ń dùn. Wọ́n rí i pé kilo kan tí ènìyàn bá sọ̀ kúrò lára rẹ̀, kilo mẹ́rin ni ó sọ̀ kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìṣirò ọjà ṣe é. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kilo 50. Ẹni tí ó bá fi kilo 12 àti ààbọ̀ fúyẹ́ ti sọ odindi àpò sìmẹ́ǹtì kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbé ẹsẹ̀, láti yàrá dé ilé ìdáná, láti ilé dé ọjà.

Kì í sì í ṣe ìwúwo nìkan. Ọ̀rá kì í kàn jókòó sójú kan bí ẹrù inú àjà. Ó ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú kí oríkèé ara gbóná, kí ó sì wú. Ìdí nìyí tí oríkèé ìka ọwọ́ fi sábà ń dun àwọn tí ó sanra ju àwọn ẹlòmíràn lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ń fi ìka ọwọ́ rìn.

Ẹ má ṣe rò pé àrùn àwọn Òyìnbó ni. Ní Ìgbò-Ọrà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí àgbẹ̀ pọ̀ sí, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2009 rí i pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn àgbà tí a yẹ̀ wò ni orúnkún gbígbó ń yọ lẹ́nu. Iṣẹ́ oko àti ọjọ́ orí ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ọmọbìnrin a sì máa jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ń gbó orúnkún, ìwúwo ara wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó wà ní ìkáwọ́ wa, nítorí a kò lè dá ọjọ́ orí padà.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù? Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò ará ilẹ̀ Belgium ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ó gbé ìlànà tí a ń lò títí di òní kalẹ̀: a ó mú ìwúwo ní kilo, a ó fi gíga ní mítà pín in ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi ga ní mítà 1.60. Ẹ fi 1.60 pín 112, kí ẹ tún fi 1.60 pín ohun tí ó bá jáde. Yóò lé ní 43. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀, 25 ni ìwúwo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, 30 ni ó ti di àìsàn, 40 sì ni ìpele tí ó léwu jù. Ìlànà yìí ní àbùkù tirẹ̀, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin iṣan alágbàṣe tí ń ru búlọ́ọ̀kù àti ọ̀rá akọ̀wé tí ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, irú èmi yìí. Tẹ́ẹ̀pù télọ̀ lè ràn án lọ́wọ́: bí ìbú ikùn obìnrin bá ju ínṣì 35 lọ, tàbí ti ọkùnrin ju 40 lọ, ó yẹ kí ó ronú.

Nísinsìnyí, ẹ bá mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé egungun ni dókítà ń bá jà níbẹ̀. Ó ń bá a jà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọ̀dọ̀ egungun, ó ní ohun púpọ̀ láti kọjá. Ìtànṣán X-ray gbọ́dọ̀ la ẹran tí ó nípọn kọjá, àwòrán a sì máa ṣókùnkùn. Ẹni tí yóò fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn, kí ara ìsàlẹ̀ lè kú, ń fi ìka wá àlàfo láàrin egungun ẹ̀yìn. Lára ẹ̀gbọ́n mi, ìka kò rí àlàfo kankan, ìgbà kẹrin ni abẹ́rẹ́ tó wọlé. Bí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn bá kọ̀, tí ó sì di dandan láti fi oògùn kun ènìyàn lóorun pátápátá, ewu náà tún pọ̀ sí i, nítorí ọ̀rá ọrùn a máa dí ọ̀nà èémí. Ẹ̀yin tí ọkọ tàbí aya yín máa ń han-run kíkankíkan lóru, tí èémí rẹ̀ a dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó tún sọ, ẹ sọ èyí fún dókítà ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ẹ má ṣe fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó lè gba ẹ̀mí là.

Nígbà tí ọ̀bẹ bá wọlé, ojú tí a là gbọ́dọ̀ gùn, kí ó sì jìn, iṣẹ́ a sì pẹ́. Ọ̀rá kò ní ẹ̀jẹ̀ tó bí ẹran. Nítorí náà kì í tètè jiná, omi a máa gbára jọ sínú rẹ̀, kòkòrò àrùn a sì rí ilé. Bí kòkòrò bá dé orí irin tí a fi so egungun pọ̀, oògùn nìkan kì í sábà lè lé e. Ó lè di dandan láti tún ibẹ̀ là. Ojú egbò ẹ̀gbọ́n mi sun omi fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. A tún gbọ́ ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: àtọ̀gbẹ wà lára rẹ̀. Àtọ̀gbẹ àti ìsanrajù sábà ń rìn pọ̀, àtọ̀gbẹ sì ni ọ̀tá ojú egbò.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni ti ọ̀pá méjì tí a ń fi há abíyá rìn. Wọ́n ní kí ó má fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tí ó fúyẹ́ lè fi apá méjèèjì gbé ara rẹ̀. Apá tí yóò gbé kilo 112 kò wọ́pọ̀, ẹsẹ̀ kejì tí ì bá sì dúró fún un ni orúnkún rẹ̀ ti gbó. Nítorí náà orí ibùsùn ni ó wà. Ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀ pẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, pàápàá ẹni tí ó sanra. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já, kí ó gun òkè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa ènìyàn láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni wọ́n ń gún un ní ikùn lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì mẹ́rin ni ó ń yí i padà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ọ̀fà, fi ọwọ́ ti ìbàdí ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi pé òun náà yóò di aláìsàn egungun láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúnkún wá dé. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ pé a lè pààrọ̀ oríkèé tí ó ti gbó. Òtítọ́ ni. Láti 1962 ni John Charnley, ará Ìlú Ọba, ti fi irin àti ike ṣe ìgbáròkó tí ó pẹ́ lára ènìyàn. Ti orúnkún tẹ̀lé e. A ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ilé ìwòsàn egungun ní Ìgbóbì ní Èkó ti wà láti 1945, láti ara ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin, tí a dá sílẹ̀ ní 1980, tí ó wà ní Òkè-Oyì lójú ọ̀nà Jẹ́bà nísinsìnyí, ní àwọn dókítà egungun tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni irin àti ike náà ti ń wá, owó dọ́là ni a fi ń rà á, láti inú àpò ara wọn sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń san án. Bí oríkèé tuntun bá tú nítorí ẹrù tí ó ń rù, tàbí tí ó kẹ̀, èkejì wọ́n ju èkínní lọ, ó sì le ju ú lọ láti ṣe.

Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ìgbáròkó àti orúnkún ní Amẹ́ríkà fi dámọ̀ràn ní 2013 pé, bí ẹni tí ìṣirò Quetelet rẹ̀ ju 40 lọ bá fẹ́ pààrọ̀ oríkèé, kí dókítà ronú àtidúró dè é kí ó fi fúyẹ́. Kì í ṣe gbogbo dókítà ni ó fara mọ́ ọn. Àwọn kan ní ẹni tí ó sanra náà ń rí ìtura gidi gbà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti pé kò tọ́ láti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ìrora ti so mọ́ àga. Èrò tèmi, bí n kò tilẹ̀ jẹ́ dókítà, ni pé òótọ́ wà lẹ́nu ẹgbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó yẹ kí ó sọ fún ènìyàn pé, "Ẹ lọ fúyẹ́ wá," kí ó sì kọjú sí ẹlòmíràn. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ: ìrora kò jẹ́ kí ó rìn, àìrìn sì ń mú un sanra sí i. Ẹni tí a bá ní kí ó fúyẹ́, kí a fi ọ̀nà hàn án.

Dókítà tiwa fi ọ̀nà hàn. Ó kọ́kọ́ ní kí a kó gbogbo oògùn tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò nílé wá. Nínú ọ̀rá kékeré kan tí ó ń rà lẹ́bàá ọ̀nà fún orúnkún, ó rí dexamethasone. Olùkàwé mi, ẹ fi etí sí èyí. Oògùn náà níṣẹ́ rere tí ó ń ṣe lábẹ́ àṣẹ dókítà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé e mì lójoojúmọ́ fúnra rẹ̀ yóò sanra, ojú rẹ̀ yóò wú, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ga, egungun rẹ̀ yóò sì rọ. Ó tilẹ̀ lè pa orí egungun itan nínú ìgbáròkó, gẹ́gẹ́ bí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti ń pa á lára àwọn ọ̀dọ́ wa. Àwọn ọmọbìnrin kan a sì máa rà á ní tìtorí kí wọ́n lè sanra! Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì bí ẹ bá ti lò ó pẹ́. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ní ti oúnjẹ, ó kọ̀ fún un láti gbààwẹ̀ àpafẹ́rẹ̀ẹ́kú. Ẹni tí ó sanra lè jẹ́ ẹni tí ebi ń pa nínú, bí ó bá jẹ́ òkèlè nìkan ni ó ń jẹ. Ojú egbò kò sì lè jiná láìsí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti wàrà. Wàrà Ìlọrin wa dára, ṣùgbọ́n sísè ni kí a sè é sínú ọbẹ̀, kí a má ṣe dín in títí yóò fi mu gbogbo òróró inú agbada. Àmàlà dín sí ìdajì, ẹ̀fọ́ sì di ìlọ́po méjì. Míníràlì ìgò tí ó ń mu lọ́sàn-án pẹ̀lú àwọn oníbàárà kúrò pátápátá. Ṣúgà inú ìgò kan lè ju ṣíbí kékeré mẹ́wàá lọ. Onímọ̀ ìdárayá kọ́ ọ láti jókòó lórí àga, kí ó na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, kí ó ka ení dé ẹ̀wá, kí ó tó sọ̀ ọ́, kí iṣan itan lè bá orúnkún gbé ẹrù. Messier tí mo dárúkọ lókè tẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde ní 2013: àwọn tí ó pa oúnjẹ àti ìdárayá pọ̀ fún oṣù 18, tí wọ́n sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá fúyẹ́, ìrora orúnkún wọn dín kù tó bí ìdajì.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé àwọn ọmọdé. Bí ọmọ ọdún 10 sí 16 tí ó sanra bá ń tiro, tí ó ní orúnkún ni ó ń dun òun, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ìgbáròkó rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí orí egungun itan lè máa yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ níbẹ̀, kí ìrora sì máa sọ̀rọ̀ ní orúnkún. Kíá ni kí ẹ gbé e lọ, kí ó má sì fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀. Bákan náà ni ọmọ kékeré tí ó sanra, tí ó tètè rìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tẹ̀ bí ọrun lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ pé yóò nà fúnra rẹ̀.

Oṣù mẹ́rìnlá ti kọjá láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣubú. Kì í ṣe gbogbo oṣù ni ó ṣe dáadáa. Ìgbéyàwó méjì àti ọdún kan mú kilo mẹ́ta padà. Àwọn ará ọjà a máa bi í pé, "Ẹ ti rù o, kí ló dé?" ìgbà kan sì wà tí ìbéèrè náà mú un sunkún lọ sílé. Ní oṣù tí ó kọjá, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun ìwọ̀n: kilo 101. Ó ti bọ́ sísàlẹ̀ 40 nínú ìṣirò Quetelet, dókítà sì wí fún un pé bí ó bá fẹ́, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ orúnkún.

"Dókítà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ ka àtẹ̀gùn mi ná."

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, ó gun mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Ó sinmi ní ìkẹsàn-án.